Fún-ajá-lọ́rùn: ọ̀rọ̀ lórí àjàrà Sercial

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àjàrà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ̀ pé ó wà nínú yín tí kì í fi ọtí kan ẹnu, yálà nítorí ẹ̀sìn ni o, tàbí nítorí ìlera. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò wá polówó ọtí. Igi kan ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti orúkọ igi náà, àti ohun tí ojú orúkọ ọ̀hún ti rí. Ẹni tí kò mutí á ṣáà gbọ́ ìtàn igi.

Ní erékùṣù Madeira, Sercial ni wọ́n ń pe igi yìí. Bí ẹ bá kọjá sí Pọ́túgàl gan-an, ní àgbègbè Lisbon, orúkọ mìíràn lẹ máa bá lẹ́nu wọn: Esgana Cão. Lédè Potogí, cão ni ajá, esganar sì ni kí á fún nǹkan lọ́rùn kí èémí má lè kọjá. Fún-ajá-lọ́rùn ni wọ́n sọ igi eléso! Àwọn Potogí mọ orúkọ í fún àjàrà púpọ̀. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní Rabo de Ovelha, ìyẹn ìrù àgùntàn. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní Borrado das Moscas, torí pé bó bá pọ́n, àmì tóótòòtó á wà lára èèpo rẹ̀, bíi pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i lára. Àwa náà mọ̀ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti àjàrà yìí, ẹnu ni wọ́n wò. Ó kan débi pé bí ajá bá fi ẹnu bà á, ọ̀fun rẹ̀ á pa dé. Ohun tí orúkọ náà ń wí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá a pàdé. Nígbà tí mo dé London, ilé ìtajà ọtí kan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe. Ìgò ọtí Madeira mẹ́rin ló máa ń wà lórí pẹpẹ lọ́wọ́ òsì téèyàn bá ti wọlé, wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra: Sercial, Verdelho, Bual, Malmsey. Ọ̀gá wa fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi: èyí àkọ́kọ́ kò dùn, èkejì dùn díẹ̀, ẹ̀kẹta dùn, ẹ̀kẹrin dùn bí oyin, ó parí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí ìgbà téèyàn ń bèèrè tíì oníṣúgà tàbí tíì tí kò ní ṣúgà ni. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé Sercial ni wọ́n ń pe èyí tí kò dùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Sercial ní gbòǹgbò, pé ó ní ewé, pé òjò ń pa á, pé ẹnì kan wà lórí òkè kan tó ń tẹ̀ ba lábẹ́ rẹ̀ láti ká a. Ọjọ́ tí mo mọ̀, inú mi bàjẹ́ gan-an, torí èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ pé orúkọ ń ro ni, mo ti fi ọdún mẹ́ta pe olórúkọ bí ẹni pe iyọ̀ tàbí ata.

Àṣìṣe yẹn kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọjà ọtí fi ń fi orúkọ igi yìí ta ohun tí kò ti ara rẹ̀ jáde. Ìyẹn gan-an ni mo wá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ní.

Erékùṣù kékeré ni Madeira, nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Pọ́túgàl ló ni ín, àmọ́ ó sún mọ́ Mòrókò ju bó ṣe sún mọ́ Lisbon lọ. Nígbà tí àwọn Potogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1419 sí 1420, wọn ò bá ẹ̀dá ènìyàn kankan níbẹ̀, igbó kìjikìji ni wọ́n bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Madeira, tó túmọ̀ sí igi, irú èyí tá a fi ń la pákó. Òkè ayọnáyèéfín ló bí i láti ìsàlẹ̀ òkun. Gbogbo erékùṣù náà kò gùn tó 60 kìlómítà, síbẹ̀ Pico Ruivo, òkè tó ga jù níbẹ̀, ga ju 1,800 mítà lọ. Ẹ fojú inú wò ó. Láti etí òkun, ńṣe ni ilẹ̀ kàn dìde dúró. Ẹ̀rọ tírákítọ̀ kò ríbi tẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta dúdú mọ ògiri ti ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n ru erùpẹ̀ kún un. Poio ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìhà àríwá ni òjò máa ń rọ̀ sí, ìhà gúúsù ló ń gbẹ, nítorí náà wọ́n la ojú omi gba ẹ̀gbẹ́ òkè àti inú àpáta, kí omi lè ti àríwá ṣàn lọ bá àwọn tó wà ní gúúsù. Levada ni wọ́n ń pe ojú omi yẹn. Bí a bá so gbogbo wọn pọ̀, wọ́n ju 2,000 kìlómítà lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọtí Madeira sábà máa ń sáré fò ó. Ìrèké ló kọ́kọ́ sọ erékùṣù yẹn di olówó, ṣáájú kí àjàrà tó gorí oyè. Ẹrú wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ìrèké náà, tó sì gbẹ́ àpáta fún omi: èyí tí wọ́n kó láti erékùṣù Canary, àti èyí tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìrèké ti kọjá sí São Tomé, ó sì dé Brazil. Àwa Yorùbá mọ ohun tó bá ìrèké dé Brazil. Nítorí náà, nígbà tí mo dúró lórí levada kan tí mo ń wo omi tó mọ́ kedere tó ń ṣàn lọ sí oko àjàrà, ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n mo tún rántí ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ irú rẹ̀.

Ó di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún kan, mo gun òkè lọ sí Jardim da Serra, lókè Câmara de Lobos. Òtútù ti ń mú níbẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ etí òkun ṣì ń wẹ̀. Ìyá kan tó ti lé ní 70 ọdún ló mú mi wọ oko rẹ̀. Oko náà kò tóbi ju gbọ̀ngàn tá a jókòó sí yìí lọ. Wọ́n fi igi àti wáyà ṣe àjà kékeré kan, àjàrà nà gbalaja lé e lórí, ìdì èso sì rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Latada ni wọ́n ń pe irú àjà yẹn. Ìyá náà kò fi ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣòfò, ó gbin kábéèjì àti ọ̀dùnkún síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká àjàrà, àfi kó tẹ̀ ba wọlé, kó na ọwọ́ sókè, kó sì máa rìn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Èmi tí mo ṣe é fún wákàtí kan, ẹ̀yìn dùn mí di ọjọ́ kẹta.

Ó já hóró kan fún mi, ó sì dúró, ó ń wo ojú mi. Hóró náà kò tóbi. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé tútù àti ọsàn tó ń bọ̀ wá pọ́n. Mo jù ú sẹ́nu. Adùn díẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ahọ́n mi, mo tiẹ̀ fẹ́ sọ pé ó dùn, kíkan bá dé. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa ta ahọ́n. Èyí gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n wọlé, ó dé erìgì, itọ́ kún ẹnu mi, eyín mi kan. Ẹni tó bá ti jẹ àgbálùmọ̀ tí kò tíì gba oòrùn tó mọ ohun tí mò ń wí. Èso tí wọ́n máa ká lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni o, ó ti pọ́n tó bó ṣe máa pọ́n. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó já òmíràn, ó jẹ ẹ́, kò fajú ro rárá.

Gbogbo àjàrà ló ń kan nígbà tó bá wà ní tútù. Bí oòrùn ṣe ń pa á, ṣúgà á máa wọnú rẹ̀, kíkan á máa dín kù. Oríṣi kíkan méjì pàtàkì ló wà nínú rẹ̀, tartaric àti malic, ìkejì yìí sì ni ooru tètè máa ń jẹ run. Sercial kì í yára ṣe é. Ó wà lára àwọn tó ń pọ́n gbẹ̀yìn ní Madeira, ṣúgà rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń di kíkan rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí ẹ bá gbìn ín sí ibi tó gbóná nísàlẹ̀, á gbàgbé ohun tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sókè níbi tí òtútù wà, tàbí sí ìhà àríwá, ní Seixal àti Porto Moniz, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ débi pé wọ́n ní láti fi ẹ̀ka igi gbígbẹ hun ọgbà yí àjàrà ká, kí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ má bàa jó ewé rẹ̀.

Ẹ̀yin náà á máa bi ara yín pé, kí lèèyàn fẹ́ fi irú èso bẹ́ẹ̀ ṣe? Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún un lónìí kí wọ́n sì mu ún lọ́la ni, ì bá ti kú àkúrun láti ọjọ́ yìí. Ohun tí wọ́n wá fi ṣe ló gbà á là.

Láyé àtijọ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ èso náà nínú ìfúntí lórí òkè, níbi tí oko wà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní borracheiros ló máa ń rọ oje rẹ̀ sínú awọ ewúrẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn àti èjìká, wọ́n á tò tẹ̀léra, wọ́n á sì rọra máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró títí wọ́n á fi dé Funchal, olú ìlú erékùṣù náà. Lónìí, ọkọ̀ ló ń gbé èso wá. Ìwúkàrà á mú oje náà hó, á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, gẹ́gẹ́ bí emu ṣe ń hó nínú akèrègbè. Nígbà tó bá hó dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà sí i, irú èyí tó le tó ìwọ̀n 96 nínú 100, híhó á sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Malvasia, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe Malmsey, wọ́n tètè máa ń dá tiẹ̀ dúró, kí ṣúgà púpọ̀ lè ṣẹ́ kù. Sercial ni wọ́n ń jẹ́ kó hó pẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí adùn rẹ̀ fi kéré. Ẹ rí i pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọ̀gá mi sọ. Àbọ̀ òtítọ́ ni.

Ooru ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ emu mọ̀ pé bí ó bá di ọjọ́ kejì nínú oòrùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ onílé. Wáìnì náà bẹ́ẹ̀: ooru àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń ti Yúróòpù lọ sí Íńdíà àti sí Amẹ́ríkà máa ń yà ní Madeira láti ra omi, oúnjẹ àti ọtí. Wọ́n á kó àgbá sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á wá sí ìhà gúúsù, wọ́n á kọjá nínú ìbú òkun tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ooru ilẹ̀ wa á pa ọtí náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìgbì á máa mì í. Nígbà tí àwọn àgbá kan tí wọn ò rí tà padà wálé, tí wọ́n ṣí i, kò bàjẹ́. Ó ti dára ju bó ṣe lọ lọ! Vinho da roda ni wọ́n ń pe irú ọtí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ọtí àlọ-àtàbọ̀. Ó dé àkókò kan tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ kó àgbá sọ́kọ̀ kó lè lọ kó sì bọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ooru ilé máa ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ọ̀nà méjì ló wà dòní. Èyí tó yá, tí wọ́n ń lò fún ọtí olówó pọ́ọ́kú, ni kí wọ́n dà á sínú táńkì, kí wọ́n sì mú un gbóná dé ìwọ̀n 45 sí 50 Celsius fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀nà kejì ni canteiro, orúkọ ìtì igi tí wọ́n gbé àgbá lé. Wọ́n á gbé àgbá lọ sí òkè àjà ilé, lábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn ti ń ràn, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń lo mẹ́wàá, ogún, àádọ́ta. Èyí tí wọ́n fẹ́ kọ ọdún ìkórè rẹ̀ sí lára tí wọ́n sì fẹ́ pè ní frasqueira, àfi kó lo ogún ọdún nínú àgbá. Mo ti gun irú àjà bẹ́ẹ̀ ní Funchal. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń ké kíẹ̀kíẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbóná, ó nípọn, ó ń ta sánsán bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ọsàn. Wọn kì í rọ àgbá kún dé ẹnu. Afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, ó ń fà lọ́dọọdún, ohun tó ṣẹ́ kù sì ń ki sí i.

Ibí yìí ni kíkan Sercial ti di ọlá. Bí omi ṣe ń fà kúrò nínú àgbá, kíkan náà ń pọ̀ sí i, á máa dojú kọ ooru, á máa dojú kọ afẹ́fẹ́, kò ní jẹ́ kí ọtí náà rọ tàbí kó sú. Ohun tí ì bá ba wáìnì mìíràn jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ sí i tán pátápátá kó tó wọ ìgò, kò wá sí ohun tó tún lè bà á jẹ́ mọ́. Nígbà tó bá kéré lọ́jọ́ orí, ó máa ń ge èèyàn jẹ lẹ́nu. Bó bá dàgbà, èèpo ọsàn, álímọ́ńdì tí wọ́n yan, iyọ̀ òkun díẹ̀, á wá mọ́ tónítóní lẹ́yìn, ẹnu á tún máa fẹ́ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e síwájú àlejò kí oúnjẹ tó dé, pẹ̀lú ólífì tàbí ọbẹ̀ omi gbígbóná.

Ọtí Madeira gbajúmọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tó ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí òfin ọdún 1663 kan dá a sí: ó lè ti erékùṣù lọ tààrà láìkọ́kọ́ ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1768, àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ oníṣòwò kan, John Hancock, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Liberty, ní Boston lórí ọ̀rọ̀ owó ibodè Madeira tó kó wọlé, ìgboro sì dàrú. Ọ̀rọ̀ ọtí Madeira lápapọ̀ nìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Ohun mẹ́ta ló ṣe é.

Èkíní, wọ́n fún un ní bàbá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tún un sọ nínú ìwé pé Sercial kò yàtọ̀ sí Riesling, àjàrà Jámánì, pé ẹnì kan ló gbé e wá sí Madeira. Bí nǹkan bá dára tó sì kan, wọ́n á ní dandan, láti òkè Yúróòpù ló ti wá! Àwọn tó ń wo ewé àti èso fínnífínní kò gbà, àyẹ̀wò DNA sì ti parí ẹjọ́: Riesling kọ́, àjàrà Pọ́túgàl ni. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí nígbàkígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ọtí, torí ìwé àtijọ́ yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ, àwọn èèyàn ṣì ń kà á.

Èkejì, ó ní ajórúkọ. Lórí ilẹ̀ Pọ́túgàl, ní Dão àti Douro, àjàrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cerceal Branco. Etí kò lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa, kódà àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń ṣì í kọ. Igi ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí Sercial ti Madeira lórí ilẹ̀ náà, ẹ bèèrè Esgana Cão. Ìlú Bucelas, nítòsí Lisbon, tí wọ́n ti pa ààlà ilẹ̀ àjàrà rẹ̀ láti 1911, ṣì ní in. Arinto, àjàrà mìíràn, ló jọba níbẹ̀, òfin ní kó kó ìdá 75 nínú 100, ó kéré tán. Esgana Cão wà lára àwọn tó ń bá a kún un. Kò sí àgbá lókè àjà, kò sí ọtí líle nínú rẹ̀. Wáìnì funfun tútù ni wọ́n fi ń ṣe, tó mọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ní nǹkan bí 1851 sí 1852, àrùn kan dé Madeira tó ń bo ewé àti èso bí ìyẹ̀fun funfun, oidium. Ìkórè bàjẹ́, àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn, ebi wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣí lọ sókè òkun. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi imí ọjọ́ lé àrùn náà, ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ ni phylloxera dé ní 1872, kòkòrò wẹ́wẹ́ láti Amẹ́ríkà tó ń fa omi ara gbòǹgbò. Àjàrà Yúróòpù kò ní agbára kankan sí i. Ohun tó gba ayé là ni pé kí wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kò lè pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún gbin oko, ta ló fẹ́ gbin Sercial tó ń pẹ́ pọ́n, tó ń fẹ́ òkè, tí kì í so púpọ̀? Àwọn kan gbin àdàlù Amẹ́ríkà tó ń so wìtìwìtì. Àwọn yòókù gbin Tinta Negra, àjàrà pupa tó gba ooru, tó gba òtútù, tó ń so dáadáa níbikíbi. Òní yìí, òun ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èso tí wọ́n fi ń ṣe ọtí Madeira, ó sì tún lé sí i. N kò bú Tinta Negra o. Igi rere ni, òun ló fún àwọn àgbẹ̀ lóúnjẹ nígbà tí kò sí ìrètí.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọjà ṣe. Wọ́n á mú Tinta Negra, wọ́n á jẹ́ kó hó pẹ́ kó má dùn, wọ́n á wá lẹ ìwé mọ́ ìgò: Sercial. Wọ́n á mú Tinta Negra kan náà, wọ́n á dá híhó rẹ̀ dúró ní kíákíá kó lè dùn: Malmsey. Igi méjì pàdánù orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sercial di àdánù lórí òkè, orúkọ rẹ̀ wà nílé ọtí ní London àti ní Paris. Tinta Negra ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìgò tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní àṣìṣe lórí pẹpẹ yẹn, ọmọ àṣà yẹn ni wọ́n.

Pọ́túgàl wọ àjọ tó wá di Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 1986, òfin sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Láti 1993, ìgò tí wọ́n bá kọ Sercial sí lára, ìdá 85 nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Sercial. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, seco ni kí wọ́n kọ, ìyẹn èyí tí kò dùn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tọ́: bó bá jẹ́ itọ́wò lẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ itọ́wò, bó bá jẹ́ igi, ẹ pe igi. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gba Tinta Negra náà láyè láti fi orúkọ ara rẹ̀ sára ìgò. Inú mi dùn sí ìyẹn bíi ti Sercial.

Síbẹ̀, òfin kò lè gbin igi. Gbogbo oko àjàrà tó ń wọnú ọtí Madeira kò tó 500 hẹ́kítà, díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ni Sercial. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan àgbẹ̀ tó pín ilẹ̀ yẹn láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ sì ti dàgbà. Àwọn ọmọ wọn wà ní Funchal nínú iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, tàbí ní Jersey, tàbí ní ibí yìí ní London. Mo ti bá wọn pàdé ní Stockwell, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti kọfí. Ẹni tó bá gbin Sercial lónìí, tó sì fẹ́ kó di frasqueira, ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so dáadáa, ogún ọdún nínú àgbá lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tó fún mi ní hóró àjàrà yẹn mọ̀ pé òun ò ní tọ́ èyí tó ń ká wò. Mo bi í. Ó ní èyí tí òun ń mu báyìí, ẹni tó ká a ti kú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìgò tó wà lórí tábìlì yìí, Sercial ọlọ́dún mẹ́wàá ni. Mo ṣí i ní oṣù kẹta. Oṣù kẹwàá la wà yìí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi ló ti lo gbogbo ìgbà ooru, n kò gbé e sí fíríìjì lọ́jọ́ kan. Ife wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń mu, kó bu díẹ̀. Ẹni tí kì í mu, kó ṣáà gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó gbé e kọjá sẹ́yìn. Ẹ ka ìwé ara ìgò náà kí ẹ tó gbé e fún ẹnìkejì yín. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni.